Ẹ̀fọ́ Inú Àpò: Bí Àgbàlá Kékeré Ṣe Lè Máa Bọ́ Ilé àti Àdúgbò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí àgbàlá ilé àyágbé ní Èkó tàbí Ìbàdàn, irúgbìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré rà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Hóró tẹ̀tẹ̀ kò wọ́n, kò sì ṣòro rí. Ilẹ̀ tó lọ́ràá ló ṣòro rí láàárín ìlú, torí pé ohun tó sábà máa ń ṣẹ́kù sí àgbàlá lẹ́yìn tí bíríkìlà bá ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ kò ju yanrìn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Ilẹ̀ la ó kọ́kọ́ ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀fọ́ yín wọ ìkòkò ní oṣù Karùn-ún, kí oṣù Kejì tó parí ni kí ẹ ti máa kó ìdọ̀tí jọ.

Ìdí tí a fi mú àpò ni pé ayálégbé lè gbé e kúrò bí ó bá ń kó lọ, ó ṣeé gbé kalẹ̀ lórí kọnkéré, kì í sì í fa ìjà pẹ̀lú láńlọ́ọ̀dù bí ìgbà tí a bá gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wọlé wá bá àpò méjìlá ní ìdúró.

Ibi tí àpò yóò wà

Ẹ yẹ àgbàlá wò láàárọ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́ta. Ibi tí oòrùn bá wà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ti tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá àti ata. Wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ ni wọ́n ń fẹ́, ó kéré tán. Ibi tí oòrùn kò ti ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún gbúre àti efinrin. Tẹ̀tẹ̀ tí a gbìn sí ìbòòji yóò ga, yóò tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ kò ní tó nǹkan.

Ẹ gbé àpò sí ibi tí yóò wà kí ẹ tó rọ erùpẹ̀ sí i. Àpò ìrẹsì tó kún fún erùpẹ̀ tútù wúwo ju àpò ìrẹsì gan-an lọ dáadáa, ó lè sún mọ́ ọgọ́rùn-ún kílò. Èyí náà ló fà á tí a kò fi gbọ́dọ̀ tò ó sórí báńkóníì bí ẹni to iṣu. Fún báńkóníì, bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà mẹ́wàá ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Bí ewúrẹ́ bá wà ládùúgbò, ẹ máa ti géètì. Ewúrẹ́ kan tó bá wọlé lọ́sàn-án ti jẹ iṣẹ́ oṣù kan tán.

Ajílẹ̀ ni gbogbo ẹ̀

Oríṣi nǹkan méjì ló ń di ajílẹ̀: èyí tó tutù àti èyí tó gbẹ. Èyí tó tutù ni èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí ẹ̀fọ́ tí a gé sọnù, èérí ògì, ìgbẹ́ adìẹ. Èyí tó gbẹ ni ewé gbígbẹ, háhá àgbàdo, páálí tí a fà ya wẹ́wẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti èyí tó tutù, méjì sí mẹ́ta ti èyí tó gbẹ, a óò tò ó ní ìpele ìpele. Ẹran, ẹja, òróró, ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù, ẹ má dà á síbẹ̀, torí eku. Ìgbẹ́ ajá àti ti ológbò pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, torí àrùn.

Òkìtì tó bá kéré ju mítà kan ní fífẹ̀ àti mítà kan ní gíga lọ kì í gbóná, ó sì máa ń pẹ́ kó tó jẹrà. Bí àyè kò bá tó, dúrọ́ọ̀mù tí a dá ihò sí lára àti ní ìdí yóò ṣe é, bí ó tilẹ̀ máa ń falẹ̀ díẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀, kí ẹ fún un: bí omi bá kán ẹ̀kán kan tàbí méjì, ó dára. Bí ó bá ń ṣàn, omi ti pọ̀. Bí kò bá kán rárá, ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ máa yí i po lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí èyí tó wà níta lè bọ́ sí àárín. Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ki irin kan bọ àárín òkìtì, ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì fọwọ́ kàn án. Irin tó gbóná túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ń lọ.

Òórùn ni yóò kọ́kọ́ sọ bí nǹkan bá bàjẹ́. Òkìtì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ti tutù jù, afẹ́fẹ́ kò dé inú rẹ̀: ẹ fi háhá àgbàdo àti páálí sí i, kí ẹ yí i po lójú ẹsẹ̀. Èyí tí èèrà ń kọ́ ilé sí ti gbẹ jù. Èyí tó kàn jókòó tí kò gbóná, tí kò sì rùn, ewé gbígbẹ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan yóò jí i dìde. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, bí ó bá ti dúdú, tó ń ta òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tí ẹ kò sì lè mọ èyí tó jẹ́ èèpo iṣu nínú rẹ̀ mọ́, ó ti tó lò.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù kì í ṣe ajílẹ̀, iná ni. Bí ẹ bá dà á sí ìdí ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀, etí ewé yóò jó, gbòǹgbò yóò sì kú. Ẹ kó o jọ lábẹ́ ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kí ẹ máa yí i, títí tí òórùn tó ń ta ojú ẹni yóò fi lọ. Ìyẹ̀fun pákó láti sọ́míìlì náà ní ìṣòro tirẹ̀: bí a bá dà á mọ́ erùpẹ̀ láìjẹ́ kó jẹrà, ẹ̀fọ́ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, torí pé pákó tó ń jẹrà ń bá ẹ̀fọ́ du oúnjẹ kan náà. Inú òkìtì ajílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ, díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì jẹ́ ti pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa.

Ìdọ̀tí ilé kan ṣoṣo kì í tó. Ẹ wá ìyá alógì fún èérí, ìyá oníbọ̀ọ̀lì fún èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyá olóúnjẹ ní bùkà fún èèpo iṣu. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kí ọ̀kan máa wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí èkejì bá wà lọ́dọ̀ yín. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ lọ kó o. Ọjọ́ méjì tí ẹ bá pa jẹ, eṣinṣin á bo ọjà wọn, wọ́n á sì padà sí dída èèpo sí gọ́tà.

Rírọ àpò

Bárò mẹ́ta erùpẹ̀ dúdú, bárò méjì ajílẹ̀ tó ti jẹrà, bárò kan yanrìn odò. Bí kò bá sí bárò, péńtì tí wọ́n fi ń wọn gàrí náà ṣeé fi wọ̀n ọ́n. Ìdíwọ̀n mẹ́ta, méjì, ọ̀kan ni kí ó má yí padà. Àyàfi bí erùpẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀: ẹ fi ìwọ̀n yanrìn kan sí i kún un. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀, ẹ má lò ó. Ẹ má sì gbẹ́ erùpẹ̀ ní ìdí mẹkáníìkì, ní ẹ̀gbẹ́ títì ńlá, tàbí níbi tí wọ́n ti ń sun bátìrì àti wáyà; òjé tó wà níbẹ̀ kì í jẹrà, kì í sì í hàn lára ẹ̀fọ́.

1. Ẹ dá ihò bíi mẹ́jọ sí ìdí àpò ìrẹsì kílò 50, kí ẹ sì ká ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ dé ìdajì.

2. Ẹ mú agolo ńlá tí a ti yọ ìdérí àti ìdí rẹ̀, ẹ gbé e sí àárín àpò, kí ẹ rọ òkúta wẹ́wẹ́ kún un. Ẹ rọ erùpẹ̀ yí i ká títí dé etí agolo.

3. Ẹ fa agolo náà sókè, òkúta yóò dúró síbẹ̀. Ẹ tún rọ òkúta kún un, ẹ tún rọ erùpẹ̀ yí i ká, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Ọ̀wọ̀n òkúta yìí ni omi ń gbà dé ìsàlẹ̀. Àpò tí kò bá ní i, òkè rẹ̀ á máa rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gbẹ táútáú.

4. Ẹ dúró nígbà tí ó bá ku ìbú ọwọ́ kan kó kún, kí omi má bàa máa ṣàn dànù. Ẹ bomi rin ín, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Erùpẹ̀ á jókòó, èpò inú rẹ̀ á sì hù, ẹ ó fà á tu kí ẹ tó gbin nǹkan kan.

Ní Kibera, ní ìlú Nairobi, níbi tí ilé ti há mọ́ra ju ti Àjẹ́gúnlẹ̀ lọ, wọ́n tún máa ń dá ihò sí ara àpò, kí ẹ̀fọ́ lè hù láti ẹ̀gbẹ́. Ó ṣeé ṣe níhìn-ín pẹ̀lú gbúre, bí ihò bá fi bíi ogún sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra. Fún tẹ̀tẹ̀ àti ata, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àpò sílẹ̀.

Oòrùn ń jẹ àpò. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ó máa ń rún bí ewé gbígbẹ. Ẹ gbé àpò tuntun wọ̀ ọ́ kó tó ya.

Gbígbìn, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀

Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì fi tó àpò márùn-ún. Ẹ pò ó mọ́ ife yanrìn gbígbẹ kan kí ó má bàa ṣù jọ sójú kan, ẹ fọ́n ọn, ẹ bu erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ẹ wọ́n eérú yí ìdí àpò ká, torí èèrà a máa kó hóró lọ. Yóò hù láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ọjọ́ tí ẹ bá sì rí i ni kí ẹ ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fa èyí tó há mọ́ra tu, kí èyí tó kù fi ìbú ọwọ́ kan jìnnà síra. Èyí tí ẹ fà tu kì í ṣe ìdọ̀tí, ọbẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ lè fà á tu pátápátá, tàbí kí ẹ gé e sókè díẹ̀ kí ó tún rú. Bí ẹ bá gé e, ẹ fi ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lára igi rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ẹ óò máa padà gé, títí tí yóò fi yọ òdòdó; lẹ́yìn ìyẹn, ewé rẹ̀ á yi.

Ewédú ló ń bí àwọn èèyàn nínú jù, torí pé hóró rẹ̀ le. Bí ọ̀kan bá hù lónìí, òmíràn á hù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ di hóró náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ sè omi títí tó fi hó, ẹ gbé e kúrò lórí iná, kí ẹ ri aṣọ náà bọ̀ ọ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sì jù ú sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ sá a ní ìbòòji, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá fi í pẹ́ nínú omi gbígbóná, ẹ ti sè é nìyẹn.

Ṣọkọ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí méje, ó sì ń fẹ́ sùúrù ju tẹ̀tẹ̀ lọ. Gbúre kò nílò hóró: ẹ gé igi rẹ̀ ní ìbú ọwọ́ méjì láti ìdì tí ẹ rà lọ́jà, ẹ ki igi náà bọ ilẹ̀, ó parí. Ti ugwu yàtọ̀ pátápátá. Hóró rẹ̀ kì í fẹ́ kí a sá a sóòrùn. Bí ó bá ti gbẹ, ó ti kú. Ẹ yọ ọ́ nínú èso tó gbó, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ fún ọjọ́ kan, kí ẹ gbin méjì sínú àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin fèrèsé tàbí wáyà tí yóò máa gùn.

Fún ata, ọ̀rá omi mímu tí a ti mu tán ni kí ẹ kó jọ. Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ dá ihò mẹ́ta sí ìdí rẹ̀, ẹ rọ erùpẹ̀ sí i, kí ẹ gbin hóró méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tó bá ti ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ ya ọ̀rá kúrò láìfọwọ́ kan gbòǹgbò, kí ẹ lọ́ ọ sínú àpò ní ìrọ̀lẹ́. Ata tí a lọ́ lọ́sàn-án máa ń rọ, ọ̀pọ̀ kì í sì í jí mọ́.

Ohun tó ń ya àgbàlá tó ń bọ́ ilé sọ́tọ̀ sí èyí tó kàn lẹ́wà ni bí a ṣe pín ọ̀sẹ̀. Bí àpò bá jẹ́ méjìlá, ẹ má gbin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí dé ọ̀sẹ̀ kẹrin. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, mẹ́ta àkọ́kọ́ á ti tó jẹ. Ẹ fà á, ẹ da péńtì kan ajílẹ̀ sínú àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbin òmíràn. Ẹni tó gbin gbogbo rẹ̀ pọ̀ á jẹ ẹ̀fọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, á fi tọrẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, á sì padà sí ọjà fún oṣù kan.

Omi

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpò kan ń mu bíi lítà mẹ́rin lóòjọ́, ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì ni àpò méjìlá máa mu lójúmọ́, nítorí náà ẹ ro ti omi kí ẹ tó ro ti iye àpò. Nígbà òjò, ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì: bí ó bá tutù, ẹ má bomi rin ín. Òjò tó fi mílímítà 25 rọ̀ sórí páànù ilé tó gùn ní mítà márùn-ún, tó sì fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, á fún yín ní nǹkan bí lítà 500. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku orí páànù dànù, kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù síbẹ̀, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ dára. Omi gọ́tà, rárá. Kọ́lẹ́rà àti ìgbóná taifọ́ọ̀dù ń gba orí ewé wọlé.

Ohun tó ń pa á

Irúgbìn kékeré tó ń wó lulẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú: omi ti pọ̀ jù, ó sì há mọ́ra jù. Ẹ fa díẹ̀ tu, ẹ dín omi kù.

Ewé tẹ̀tẹ̀ tó ká pọ̀ pẹ̀lú okùn fẹ́lẹ́ bí ti aláǹtakùn: ẹ ṣí i, ẹ ó bá kòkòrò àwọ̀ ewé kan níbẹ̀. Bí kò bá pọ̀, ẹ fi ọwọ́ mú un láàárọ̀. Bí ó bá pọ̀, ẹ gún ewé dóńgóyárò tútù kílò kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà márùn-ún mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ dúdú bíńtín sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, torí oòrùn a máa ba agbára rẹ̀ jẹ́, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, lábẹ́ ewé àti lókè. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ tó já a. Ọ̀tápíápíá àti oògùn ẹ̀fọn inú ilé kò sí fún ẹ̀fọ́, ó ń wọnú ewé, fífọ̀ kì í yọ ọ́.

Funfun bí ìyẹ̀fun tó ń yọ lábẹ́ ewé tẹ̀tẹ̀ nígbà òjò jẹ́ àrùn tí omi orí ewé ń tàn kálẹ̀. Ẹ já àwọn ewé náà sọnù, kì í ṣe sínú ajílẹ̀, kí ẹ máa da omi sí ìdí dípò orí.

Bí ilá tàbí ewédú bá ràn, tí ẹ fà á tu, tí ẹ rí kókó wúlewùle lára gbòǹgbò rẹ̀, aràn ilẹ̀ ti wọ àpò yẹn. Ẹ da erùpẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí kọnkéré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó fẹ́lẹ́, ẹ rin ín lómi díẹ̀, ẹ fi ọ̀rá tí oòrùn lè là kọjá bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ìyẹn tó parí, ẹ má gbin ewédú, ilá tàbí tòmátì síbẹ̀.

Láti ilé kan dé àdúgbò

Ilé mẹ́rin tó wà lójú òpópónà kan lè pín iṣẹ́. Ilé tó ní àyè lẹ́yìnkùlé ni kí ó gba òkìtì ajílẹ̀. Ilé tó ní kànga ni kí ó tọ́jú irúgbìn ata fún gbogbo wọn, torí irúgbìn kékeré kì í fara da ọjọ́ kan láìsí omi. Ẹni tó ń sin adìẹ á mú ìgbẹ́ wá, á sì máa gba ewé tó ti gbó fún adìẹ rẹ̀. Owó dúrọ́ọ̀mù àti nẹ́ẹ̀tì ṣeé dá ní èésú. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká ni ajílẹ̀ tí wọn kò wọ̀n: ẹ fi péńtì pín in, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Fún títà, ẹ já ẹ̀fọ́ kí oòrùn tó là, ẹ dì í ní ìdì tó dọ́gba, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ẹ sì tà á lẹ́nu géètì kí aago mẹ́jọ tó lù. Ní Havana, lẹ́yìn tí ìjọba Soviet wó ní 1991 tí epo àti fatiláísà wọ́n fún àwọn ará Cuba, àwọn ọgbà inú ìlú tí wọ́n ń pè ní organopónico gbé ibi títà sí ẹnu ọ̀nà ọgbà gan-an. Ẹ̀fọ́ kò gun ọkọ̀, kò sì sí owó ọkọ̀ tí oníbàárà ń san. Ẹ̀fọ́ tó ti rìn láti ìlú míì wá sí ọjà Mile 12 ní Èkó kò lè bá tiyín du tútù, nítorí náà ẹ má fi iye bá wọn jà. Bí ìdì yín bá kéré díẹ̀ sí ti ọjà, oníbàárà á ṣì rà á.

Irúgbìn ni kí ẹ dẹ́kun ríra. Ẹ yan igi tẹ̀tẹ̀ méjì tó pẹ́ jù kó tó yọ òdòdó, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ yọ ọ́, torí èyí tó tètè yọ òdòdó á bí ọmọ tó tètè ń yi. Bí orí rẹ̀ bá ti gbẹ dé ìdajì, ẹ gé e, ẹ so ó kọ́ sínú àpò páálí, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú eérú tó ti tutù díẹ̀. Ẹ kọ oṣù sí i lára. Fún ata, hóró inú èso pupa tó dára jù ni kí ẹ lò, àyàfi tí èso náà bá wá láti inú irúgbìn tí a dà lù (hybrid) tí wọ́n ń tà nínú agolo. Ọmọ rẹ̀ kì í jọ ìyá. Ẹni tó bá ń wá irúgbìn ìpìlẹ̀ lè béèrè ní NIHORT, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso, ní Ìdí-Ìṣin, Jẹ́ríkò, Ìbàdàn.